Ẹ Jẹ́ Kí Kùrukùru Yìí Ká Ná

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 27:9–44
Ẹsẹ fún àṣàrò: Òwe 22:3

Ẹni tí ó ń kọ̀wé sí yín kì í ṣe àlùfáà. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó tún dúró níwájú pátákó dúdú, ẹ fi orí jì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òrù, Awà, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè mọ bí òwúrọ̀ ọyẹ́ ṣe ń rí. A ó jí, a ó fi òrí pa ètè àwọn ọmọ, a ó ṣí ilẹ̀kùn, ilé tí ó wà ní òdìkejì títì yóò ti parẹ́. A ń gbọ́ ohùn ẹni tí ó ń kí wa pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Mọ̀mọ́," ṣùgbọ́n a kò rí ojú rẹ̀ títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà wa. Títì kò lọ síbì kan. Ilé kò ṣí kúrò. Ojú wa ni kò ríran. Ọ̀rọ̀ àìríran yìí, àti ohun tí ó yẹ kí Kristẹni ṣe nígbà tí kò bá ríran, ni mo fẹ́ kí a jọ rò.

IBI TÍ KÙRUKÙRU TI Ń WÁ

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́, mo máa ń sọ fún wọn pé àlejò ni ọyẹ́. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń wá. Ibì kan wà ní orílẹ̀-èdè Chad tí à ń pè ní Bodélé. Ní ayé àtijọ́, adágún omi ńlá ni ibẹ̀. Omi náà ti gbẹ, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti di lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́. Eruku ibẹ̀ wà nínú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n sókè, tí ó ń gbé kọjá lórí Kánò àti Kàdúná títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Òkè Ọya ó lè bo ojú ọ̀run fún ọjọ́ púpọ̀. Níhìn-ín tí òkun kò jìnnà sí wa, ọ̀rinrin òru a máa dàpọ̀ mọ́ ọn, yóò sì di kùrukùru òwúrọ̀. Nígbà tí oòrùn bá ràn dáadáa, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ká. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ wa, lọ́pọ̀ ìgbà, kò ju sùúrù wákàtí díẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ yìí ni ó ṣòro fún ọmọ ènìyàn jù. Lọ́dọọdún ni NiMet, àjọ tí ń sọ nípa ojú ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè wa, máa ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ òfurufú nípa eruku ọyẹ́. Lọ́dọọdún ni a sì máa ń gbọ́ pé àwọn èrò ń bínú ní pápákọ̀ òfurufú nítorí pé bàálù kò gbéra.

Ẹ lè bi mí pé, "Tíṣà, kí ni ó kan àwa obìnrin Òrù nínú ọ̀rọ̀ bàálù?" Ó kàn wá. Àwọn ọmọ wa wà ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí Rẹ́mọ níbí, ní agbègbè Ìlíṣàn àti Ìpẹ̀rù. A kò sì gbàgbé ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1996, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú já ní Èjìrìn, tí ènìyàn 144 sì kú. Kì í ṣe kùrukùru ni ó fa ìyẹn, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ọ̀fọ̀ òfurufú kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀

Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ọkọ̀ VC10 ti Nigeria Airways ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, ó gba Róòmù àti Kánò, ó ń bọ̀ wá sí Èkó. Ó já sínú igbó kí ó tó dé pápákọ̀. Ènìyàn 87 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó yè. Ìwádìí sọ pé ó dà bí ẹni pé àwọn awakọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ga tó lókè mọ́, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ojú wọn kò tíì rí ilẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973, nígbà ọyẹ́, ọkọ̀ Boeing 707 kan ń kó àwọn tí ó lọ sí Mẹ́kà padà bọ̀ láti Jẹ́dà. Èkó ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò dára, ó sì yà sí Kánò. Nígbà tí ó ń balẹ̀ níbẹ̀ ni ó fọ́ tí ó sì gbiná. Ènìyàn 176 ni ó kú.

Ọkọ̀ ńlá ni àwọn méjèèjì yìí. Ewu àìríran tún pọ̀ jù fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké àti hẹlikópítà, nítorí pé wọn kì í fò ga púpọ̀, ojú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wá ọ̀nà, wọ́n sì ń lọ sí ibi tí kò sí iná tàbí ẹ̀rọ tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2019, hẹlikópítà tí ó gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nẹ́ tí ó jẹ́ igbákejì Ààrẹ nígbà náà, fẹ́ balẹ̀ ní Kàbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bí abẹ̀bẹ̀ orí ọkọ̀ náà ṣe ń fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, eruku ru sókè, ó bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀, àwọn awakọ̀ kò sì rí ilẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀, ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Olúwa yọ gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ògo fún Un.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2024, ní Califóníà ní Amẹ́ríkà, hẹlikópítà kan gbéra lálẹ́ láti Palm Springs, ó ń lọ sí Boulder City. Àwọn mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀: Ọ̀gbẹ́ni Herbert Wigwe, ọ̀gá ilé ìfowópamọ́, aya rẹ̀, àti ọmọ wọn ọkùnrin, Ọ̀gbẹ́ni Abímbọ́lá Ògúnbáńjọ, ọmọ Olóyè Chris Ògúnbáńjọ ti Ẹrúnwọ̀n, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí, àti àwọn awakọ̀ méjì. Ìgbà òtútù ni lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tí ó ń kọjá ní títì ní òjò àti yìnyín ń rọ̀ pọ̀. Ọkọ̀ náà já sí aṣálẹ̀, gbogbo wọn sì kú. NTSB, àjọ tí ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ pé ojú ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà, wọ́n sì bá ìrìn náà lọ wọ inú ojú ọjọ́ tí ojú kò ti lè ríran. Ẹ̀yin ará, n kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ọ̀fọ̀ náà wọ ilé tí a mọ̀. Kí Olúwa máa tu àwọn ẹbí wọn nínú.

ARA WA LÈ PARỌ́ FÚN WA

Kí ni ó dé tí ẹni tí ó mọ ọkọ̀ wà yóò fi wa ọkọ̀ lu ilẹ̀? Ẹ rántí eré òyì tí àwọn ọmọdé ń ṣe. Ọmọ yóò di ojú, yóò máa yí po, yóò yí po, lẹ́yìn náà yóò dúró. Ó ti dúró, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń sọ fún un pé òun ṣì ń yí. Bí ó bá gba ara rẹ̀ gbọ́, yóò ṣubú. Nínú etí wa ni Ẹlẹ́dàá fi omi díẹ̀ sí, òun ni ó ń sọ fún ọpọlọ bí a ṣe dúró. Bí ojú bá ń ríran, ojú àti etí yóò jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ojú kò bá ríran, etí nìkan kò tó. Ọkọ̀ lè máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí awakọ̀ rò pé ó dúró gbọnrangandan. Ó lè máa sọ̀kalẹ̀ kí ó rò pé ó ń gòkè. Àwọn aago tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń sọ òtítọ́. Àwọn ni ó gbọ́dọ̀ gbà gbọ́, kì í ṣe ara rẹ̀.

Ní ọdún 1954, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà mú ogún awakọ̀ tí wọn kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fi aago nìkan wa bàálù. Wọ́n ṣe é kí wọn má rí ìta mọ́, bí ẹni pé wọ́n wọ inú ìkùukùu. Àwọn ogún náà ni ìdarí ọkọ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó yára jù, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 ni. Bí a bá ṣírò gbogbo wọn pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 178, èyí tí kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀yin arábìnrin, àkókò tí a fi ń gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé wa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá kò bọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2020, hẹlikópítà tí ó gbé Kobe Bryant, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù agbọ̀n, já ní Calabasas ní Califóníà. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó kú, ọmọbìnrin rẹ̀ Gianna, ọmọ ọdún 13, sì wà nínú wọn. Awakọ̀ náà ti wọ inú ìkùukùu. Ó sọ fún àwọn tí ó wà nílẹ̀ pé òun ń gòkè lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 4,000, nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń sáré bọ̀. Kò purọ́. Ohun tí ara rẹ̀ sọ fún un ni ó sọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó mú mi kọ ìwé yìí. NTSB wádìí bóyá ẹnikẹ́ni ni ó fi ipá mú awakọ̀ náà láti lọ. Wọn kò rí ẹ̀rí kankan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọkàn ara rẹ̀ ni ó tì í: kò fẹ́ já ẹni tí ó gbé kulẹ̀. Bí ọkàn ènìyàn bá lè ti ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ni a ó sọ nípa ti àwa tí a ń fi ẹnu tì wọ́n?

ỌKỌ̀ TÍ PỌ́Ọ̀LÙ WÀ

Nínú ẹ̀kọ́ kíkà wa, ọkọ̀ ojú omi ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìgbà òtútù ti sún mọ́lé, ìgbà tí àwọn atukọ̀ ayé ìgbà náà kì í fẹ́ rìn lójú òkun mọ́. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ pé bí a bá lọ, àdánù yóò wà. Balógun ọ̀rún gbọ́ ti ọ̀gá atukọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀ ju ti Pọ́ọ̀lù lọ. Àwọn tí ó pọ̀ jù sì ní kí a lọ. Ẹ kíyè sí ìdí tí wọ́n fi fẹ́ lọ: èbúté tí wọ́n wà kò dára tó láti lo ìgbà òtútù níbẹ̀. Kì í ṣe pé yóò pa wọ́n. Kò kàn tù wọ́n lára ni. Nígbà tí afẹ́fẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kan sì fẹ́ láti gúúsù, wọ́n rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ tàwọn, wọ́n fa ìdákọ̀ró sókè.

Kò pẹ́ tí ìjì fi dé. Fún ọjọ́ púpọ̀ wọn kò rí oòrùn, wọn kò rí ìràwọ̀. Ní ayé ìgbà náà, oòrùn àti ìràwọ̀ ni aago àwọn atukọ̀. Ènìyàn 276 wà lójú òkun, wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ní òru ọjọ́ kẹrìnlá, wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ti sún mọ́ wọn, ẹ̀rù sì bà wọ́n kí ọkọ̀ má baà lu àpáta. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n sì ń retí kí ilẹ̀ mọ́. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ní kí wọn ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n padà wá ṣe níkẹyìn: wọ́n dúró.

ÌJẸ́WỌ́ MI

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kìíní ọdún 1994, àwa obìnrin mẹ́rìnlá wọ bọ́ọ̀sì láti Òrù, a ń lọ sí ìsìn òkú ìyá ọ̀kan nínú wa ní Ìbàdàn. Èmi ni akọ̀wé. Nígbà tí a sún mọ́ Màmú, kùrukùru náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí iwájú bọ́ọ̀sì. Dẹ́rẹ́bà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró, ó sì bẹ̀ wá pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí kùrukùru yìí ká ná."

Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Dẹ́rẹ́bà, agogo mẹ́wàá ni ìsìn. Owó ìrìn ni a san fún ọ, a kò san owó ìdúró. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni, ìwọ odindi ọkùnrin?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan dá orin. Ọmọ náà wò mí nínú dígí, kò sọ nǹkan kan, ó sì gbéra.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ agbégilódò kan ti bàjẹ́ sójú títì, wọn kò já ewé kankan sílẹ̀ láti fi kìlọ̀. A kò rí i àfi ìgbà tí ìdí igi náà yọ sí wa lójú. Dẹ́rẹ́bà ya ọwọ́ ọkọ̀ sínú igbó, bọ́ọ̀sì sì dojú dé. Ẹ̀mí kankan kò lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìyá kan nínú wa, tí ó ń ta obì lọ́jà, kán lẹ́sẹ̀ níbi méjì. Kò fi ẹsẹ̀ náà rìn láìmú ọ̀pá mọ́ títí ó fi sùn nínú Olúwa ní ọdún 2011.

Nígbà tí a padà délé, àwọn àgbà ìjọ pe ìpàdé. Wọ́n béèrè ohun tí ó dé tí dẹ́rẹ́bà fi wọ inú kùrukùru. Gbogbo wa dákẹ́. Ọwọ́ mi ni gègé wà, nítorí pé èmi ni akọ̀wé. Mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi tí gbogbo ènìyàn ń yìn, pé: "Àìbìkítà awakọ̀ ni ó fa ìjàǹbá náà." Ẹni tí ó ni bọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo ń na àwọn ọmọ ilé-ìwé nítorí irọ́ ni mo kọ irọ́ yìí.

Nígbà tí mo ka ohun tí wọ́n sọ nípa awakọ̀ Kobe Bryant, oorun dá lójú mi. Mo wá dẹ́rẹ́bà náà lọ. Ó ti di bàbá àgbà, ó ń ṣe oko. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó sáré dì mí mú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ohùn yín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ni ọkọ̀ wà. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n dúró. N kò bínú sí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Èyí tí ẹ kọ sínú ìwé yẹn ni ó dùn mí. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

N kò mọ ibi tí ìwé ìpàdé náà wà mọ́. Nítorí náà níhìn-ín ni mo ti ń yọ ọ́, lójú gbogbo ẹgbẹ́: ọmọ náà ní kí a dúró, èmi ni mo ní kí a lọ. Ìyá tí ó kán lẹ́sẹ̀ kò gbọ́ èyí lẹ́nu mi kí ó tó lọ. Ìyẹn ni n kò lè tún ṣe mọ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a tú awakọ̀ sílẹ̀. Kí a tó gbéra, kí èrò kan nínú wa, pàápàá èyí tí ó dàgbà jù, sọ ọ́ jáde pé: "Ọmọ mi, bí ojú rẹ kò bá ríran, dúró. A kò ní bínú." Ìtìjú ti pa ènìyàn ju ọyẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ìyá lè mú ìtìjú náà kúrò.

Èkejì, bí àwọn ọmọ wa bá ń bọ̀ wá sílé fún ọdún, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa pè wọ́n lórí fóònù ní gbogbo ìṣẹ́jú pé, "Níbo ni o dé? Gbogbo ènìyàn ti pé, ìwọ nìkan ni ó kù." Ìkọ́kọrẹ́ kò ní sá lọ. Bí wọ́n bá sọ ní pápákọ̀ pé eruku kò jẹ́ kí bàálù gbéra, ẹ má bá ọmọbìnrin tí ó jókòó sídìí tábìlì jà. Ẹ bá a dúpẹ́. Ẹni tí ó pẹ́ dé ni a óò tún rí. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ẹ̀kẹta, kùrukùru ti ọkàn wà. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú kò tíì pé ogójì ọjọ́, wọ́n gbé ìwé ilẹ̀ wá fún un pé kí ó fọwọ́ sí i lónìí. Ìyàwó ń bínú, wọ́n ní kí ó kó ẹrù jáde lálẹ́ yìí. Ẹnìkan mú òwò wá, ó ní bí o kò bá san owó kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bọ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ara wa yóò máa sọ fún wa pé à ń gòkè, nígbà tí ó jẹ́ pé à ń já bọ̀. Ẹ rántí Òwe 22:3: ọlọ́gbọ́n a máa rí ewu, a sì fi ara pamọ́, òpè a máa kọjá lọ, a sì jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó fi ara pamọ́ kì í ṣe ojo.

Àwọn atukọ̀ náà ju ìdákọ̀ró mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́rin bá ara wa: àdúrà, Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tí kì í yí padà bí ara wa bá ń yí, ìmọ̀ràn ẹni tí kò sí nínú kùrukùru náà, àti oorun òru ọjọ́ kan. Lẹ́yìn mẹ́rin yìí, kí a retí kí ilẹ̀ mọ́.

Kí n tó gbé gègé mi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tu ẹni tí ó ti ti ẹlòmíràn wọ inú kùrukùru rí nínú, nítorí pé mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Nínú ìjì náà, Pọ́ọ̀lù rán wọn létí pé ó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ tòun. Kò fi ìbáwí pamọ́. Ṣùgbọ́n kò fi wọ́n sílẹ̀. Ó gbàdúrà pẹ̀lú wọn, ó bu búrẹ́dì níwájú wọn, ó ní kí wọ́n jẹun. Ọkọ̀ fọ́, ẹrù ṣòfò, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn 276 ni ó gúnlẹ̀, àwọn mìíràn lórí pákó lásán. Àdánù wà tí a kò lè gbà padà. Síbẹ̀ Ọlọ́run kò kọ ẹni tí ó wá sọ òtítọ́, bí ó tilẹ̀ pẹ́ ní ọgbọ̀n ọdún.

ÀDÚRÀ: Olúwa, Ìwọ tí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ lójú Rẹ, dá àwọn ọmọ wa sí ní títì, lójú òkun àti lófurufú ní àkókò ọyẹ́ yìí. Fún awakọ̀ ní ìgboyà láti dúró, fún àwa èrò ní ẹnu tí kì í ti ènìyàn sí ewu. Dárí jì wá níbi tí a ti fi ẹ̀bi wa lé ẹlòmíràn lórí. Kí o sì mú wa gúnlẹ̀ sí èbúté ìsinmi Rẹ, nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́
1. Kí ni ìdí tí balógun ọ̀rún kò fi gbọ́ ti Pọ́ọ̀lù? Àwọn ta ni a máa ń gbọ́ tiwọn jù nígbà tí a bá ń kánjú?
2. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà tí ó ru ẹ̀bi tí ó jẹ́ tiwa? Báwo ni a ṣe lè yọ ọ́ kúrò nínú ìwé?
3. Kí ẹgbẹ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí a ó máa sọ fún awakọ̀ wa kí a tó gbéra fún ìrìn-àjò èyíkéyìí.